Ṣé kí n ra PS5 báyìí, àbí kí n dúró de PS6?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ra PS5 (PlayStation 5, ẹ̀rọ géèmù Sony), owó náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí n má rà á tán kí PS6 wá dé.

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní 1994, PS2 ní 2000, PS3 ní 2006, PS4 ní 2013, PS5 ní 2020. Ọdún mẹ́fà-mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀, ó wá di méje-méje. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 2027 ni PS6 máa dé. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ló wà láàárín PS4 Pro (PS4 tó lágbára sí i, 2016) àti PS5, PS5 Pro sì jáde ní 2024. Ìyẹn gbé e dé 2028, òun ni mo sì fara mọ́ jù. Switch, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, pàápàá lo ọdún mẹ́jọ kí Switch 2 tó dé ní 2025.

Ẹ̀yin tí ẹ ra PS4 nígbà tí PS5 kù díẹ̀ kó jáde, ṣé ẹ kábàámọ̀? Ọdún mélòó lẹ fi ń rí géèmù tuntun rà sí i lẹ́yìn náà?