Alájẹṣẹ́kù tí kò gba èlé: ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlọrin la wà, lápá Òkèlele. Ó ti pẹ́ tí àwa obìnrin kan ti ń dá àjọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó kẹ́yìn kì í rí owó òwò kankan níbẹ̀: owó ara rẹ̀ ló kàn ń gbà padà, nígbà tí ọjà ti gbówó lórí. A wá fẹ́ sọ ọ́ di alájẹṣẹ́kù, kí ẹni tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ lè yá owó.

Púpọ̀ nínú wa ni kò fẹ́ gbọ́ èlé sétí nítorí ẹ̀sìn. Alhaja kan dábàá pé kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ra ọjà, ìbáà ṣe òwú aṣọ òkè tàbí àpò ìrẹsì, kó tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú èrè tí a jọ fẹnu kò sí, kí onítọ̀hún máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Àmọ́ bí ọjà bá bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́, àdánù ta ni?

Báwo lẹ ṣe ń kọ ìwé tiyín? Ṣé ẹ ń gba onídùúró? Àwọn ìyàwó kéékèèké tó mọṣẹ́ ọwọ́ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ọjà ń bà, kí lẹ fi ń kì wọ́n láyà? Àwa ní kí ìyá kan tó ti pẹ́ nídìí òwò máa mú wọn lọ Ọjà Ọba. Àwọn kan ti gbójú, àwọn yòókù ò tíì mira. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.