Ìdánwò kóòdù: ìdáhùn tọ̀nà, síbẹ̀ wọ́n ní kò yege

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ sọ́fútíwìà ni mò ń wá. Ilé-iṣẹ́ kan ní Paris fi ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́: àtòjọ nọ́ńbà kan rèé, wá méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ iye báyìí. Àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn yege. Àwọn tó fara sin kò yege, "time limit exceeded" (àkókò ti kọjá) ni wọ́n kọ síwájú wọn. Wọ́n ṣì pè mí sí ìpele tó kàn: iṣẹ́ àmúrelé ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò, aago mẹ́ta ọ̀sán Paris. Kí ló ṣe ti àkọ́kọ́? Kí ni wọ́n ń wò nínú méjì tó kù?

Ará Kétu:
Àbúrò, kóòdù rẹ kò ṣìnà, ó lọ́ra ni. Lúùpù nínú lúùpù lo kọ, àbí? O mú nọ́ńbà kìíní, o fi í wé gbogbo ìyókù, o mú èkejì, o tún bẹ̀rẹ̀. Bí iye nọ́ńbà inú àtòjọ bá jẹ́ 10, wẹ́rẹ́ ni. Bí ó bá di 100,000, ìfiwéra ti tó bílíọ̀nù 5, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni wọ́n ń fúnni.

Lo dictionary, ìyẹn àpò inú kóòdù tí a lè wá nǹkan nínú rẹ̀ kíákíá. Ká ní 20 ni iye tí wọ́n fẹ́, tí o dé orí 13: 7 ni ò ń wá. Bí 7 bá ti wà nínú dictionary, ó parí. Bí kò bá sí, fi 13 síbẹ̀, kí o máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa rin àtòjọ náà já. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: wo inú dictionary kí o tó fi nọ́ńbà sínú rẹ̀. Bí o bá kọ́kọ́ fi 10 síbẹ̀, tí o wá ń wá 10 kejì tí yóò sọ ọ́ di 20, 10 kan ṣoṣo yẹn náà ni wàá tún bá pàdé.

Kí o tó tẹ lẹ́tà kan, ka ìlà "constraints", tó ń sọ bí nọ́ńbà ṣe lè pọ̀ tó. Bí wọ́n bá kọ 1,000 síbẹ̀, lúùpù méjì lè kọjá. Bí ó bá jẹ́ 100,000, má wulẹ̀ dán an wò. Ìlà yẹn ni ẹni tó ṣètò ìdánwò fi ń ta ọ́ lólobó.

Ọ̀dọ́ Ṣábẹ:
Ti iṣẹ́ àmúrelé ni kí n fi kún un. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí kóòdù kò bá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kíákíá, á pa á tì. Nítorí náà README (fáìlì àlàyé tó bá kóòdù rìn) ṣáájú: ẹ̀yà Node tàbí Python (ohun tí ń mú kóòdù ṣiṣẹ́) tí o lò, àṣẹ tí wọ́n máa tẹ̀ tẹ̀léra wọn, àti ohun tí o kò ṣe pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Kí o tó fi ránṣẹ́, fi git clone (àṣẹ git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, tí ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀) gbé e sínú fóódà mìíràn, kí o tẹ̀lé README tìrẹ bí àlejò. Ibẹ̀ ni wàá ti rí fáìlì tí o gbàgbé.

Má fi .env (fáìlì ètò) tó ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí, sínú git. Bí o bá pa á rẹ́ nínú commit (àyípadà tí a fi pamọ́) tó tẹ̀lé e, ó ṣì wà nínú ìtàn. Kọ́kọ́rọ́ náà gan-an ni kí o pààrọ̀. Kọ test (kóòdù tí ń yẹ kóòdù rẹ wò) mélòó kan fún ibi tó le: àtòjọ òfìfo, nọ́ńbà tó kéré ju òdo lọ, orúkọ tó ní àmì ohùn. Má sì ṣe àfikún tí wọn kò béèrè. Ọ̀ṣọ́ tí kò ṣiṣẹ́ máa ń bo èyí tó ṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé o. Wọ́n ní kí n gbé kóòdù tiwọn wálé, kí n ṣe "npm install" (àṣẹ tí ń kó àwọn kóòdù tí iṣẹ́ náà nílò wọlé), kí n tún un ṣe.

Ará Kétu:
Dúró díẹ̀. npm install lè mú kóòdù ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ kí o tó ṣí fáìlì kankan. Àwọn ayédèrú agbanisíṣẹ́ ń fi èyí jí ọ̀rọ̀ aṣínà. Wo "postinstall" (àṣẹ tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kó o wọlé) nínú fáìlì package.json, kí o sì lo ẹ̀rọ àfarawé (virtual machine, kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà), kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí o fi ń wọ báǹkì. Ẹni tó bá ní kí o san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbájúẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́:
Láti Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta dé Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, Paris fi wákàtí kan ṣáájú wa ní Benin: aago mẹ́ta wọn, aago méjì tiwa. Ìyókù ọdún, aago wa dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ló ń pẹ́ dé nítorí èyí.

Bí iná bá lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà á gbé e, ṣùgbọ́n Wi-Fi á kú. Fi fóònù tó ní dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rí. Sọ fún wọn níbẹ̀rẹ̀ pé bí ó bá já, ìṣẹ́jú méjì ni wàá fi padà.

Má dákẹ́. Bi wọ́n ní ìbéèrè kí o tó kọ kóòdù: ṣé nọ́ńbà lè tún ara wọn ṣe? ṣé àtòjọ lè ṣófo? Sọ ọ̀nà tó lọ́ra, sọ ìdí tó fi lọ́ra, kí o tó sọ èyí tó yá.

Ọ̀dọ́ Ṣábẹ:
Àwọn kan á ní kí o yanjú ìbéèrè 500 lórí LeetCode (ìkànnì ìdánrawò kóòdù) kọ́kọ́. Èmi kò gbà. Ọgọ́ta tí o lè ṣàlàyé sókè ní Faransé dára ju 500 tí o há sórí lọ.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́:
Òótọ́ ni. Tí wọ́n bá dé orí owó, béèrè bóyá òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù ni wọ́n fẹ́ tàbí ẹni tó ń kọ fáktúù (ìwé tí a fi ń béèrè owó iṣẹ́). Tó bá jẹ́ owó oṣù, béèrè bóyá "brut" ni tàbí "net". Brut ni iye kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, net ni èyí tó kù. Tó bá jẹ́ fáktúù, ìwọ lo máa san owó orí rẹ, wàá sì nílò IFU, nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó orí. Yúrò 1 jẹ́ 655.957 F CFA láìyí padà, nítorí náà 1,500 yúrò jẹ́ nǹkan bí 983,900 F kí báǹkì tó yọ tiẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ̀rọ àfarawé ni mo máa tò lálẹ́ yìí. RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) mi 8 GB, ṣé 4 tó fún un?

Ará Kétu:
Ó tó. Ti aṣàwákiri (browser) pa kí o tó tan án.