Onílẹ̀ ò jẹ́ ká fojú kàn án, àkáǹtì tún ti yí padà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilẹ̀ òfìfo kan. Onílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn lòun wà, kò lè wá, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Fọ́tò ìwé ilẹ̀ àti káàdì ìdánimọ̀ ló kàn fi ránṣẹ́. Ìdajì iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló pè é. Láàárọ̀ yìí, í-meèlì wọlé lórúkọ lọ́yà wa pé àkáǹtì ti yí padà, ká san gbogbo owó kílẹ̀ tó ṣú, torí ẹlòmíì ti gbówó dání. Ọkọ mi ní ìfura mi ti pọ̀ jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Kò pọ̀ jù rárá, àǹtí mi. Ẹ má san nǹkan kan! Ẹ wo àdírẹ́sì í-meèlì yẹn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan; wọ́n máa ń kọ r àti n pọ̀ kó lè jọ m. Bó bá tiẹ̀ pé, olè lè ti wọ inú í-meèlì lọ́yà, kó ti máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ẹ pe lọ́yà ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pe èyí tó wà nínú í-meèlì ọ̀hún, olè náà ló máa gbé e.

Bàbá Awọnlẹ̀: Iṣẹ́ mi nìyí. Ilẹ̀ òfìfo ni àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn jù, torí kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ tó máa pariwo. Wọ́n á wá orúkọ onílẹ̀ gidi nínú ìwé ìjọba, wọ́n á fi ṣe káàdì ayédèrú, nítorí náà pé orúkọ bára mu ò tíì tó. Ẹ fọwọ́ ara yín gba ẹ̀dà ìwé náà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi yáwó tàbí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì onílẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí awọnlẹ̀ fi ìwé wé ilẹ̀ gan-an. Àwọn kan á mú yín débi tó gbẹ, ìwé á sì jẹ́ ti irà ẹ̀yìn rẹ̀.

Adéṣínà: Bó bá ní òun ti fún ẹnì kan láṣẹ láti bá òun tà á ńkọ́, bàbá?

Bàbá Awọnlẹ̀: Ẹ wádìí pé ẹni tó fúnni láṣẹ ṣì wà láyé. Níbi púpọ̀, tó bá ti kú, ìwé àṣẹ náà ti kú nìyẹn.

Ẹni tó béèrè: Mo ti pe lọ́yà. Kò mọ nǹkan kan nípa àkáǹtì tuntun o! Ọkọ mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé kí n bú onílẹ̀ yìí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bú u, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti fura. Ẹ má sì pa í-meèlì yẹn rẹ́ o. Ẹ fi han báńkì àti ọlọ́pàá lónìí, torí nọ́ńbà àkáǹtì inú rẹ̀ ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.