Gbígbọ̀n lábẹ́ ìka: fóònù kan ń sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, èkejì ń sọ ẹyọ kan

Ọmọ Ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò ríran mọ́, mo sì ń kọ áàpù ìṣirò kan fún un. Lóòótọ́, TalkBack, áàpù Android tó ń ka ojú fóònù sókè fún ẹni tí kò ríran, máa ń ka nọ́ńbà tó bá fọwọ́ kàn sí i létí, àmọ́ ojú fóònù tẹ́ pẹrẹsẹ, ìka kò ríbi dì mú. Àwọn fóònù oníbọ́tìnnì ayé ìjọ́un ní àmì kékeré kan tó yọ sókè lórí 5. Bí ìka bá ti kan àmì yẹn báyìí, èèyàn ti mọ̀ pé 2 ló wà lókè, 8 ló wà nísàlẹ̀, 4 àti 6 wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àmì yẹn ni mo fẹ́ dá padà fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kí fóònù gbọ̀n lọ́nà kan bí ìka bá bọ́ sórí nọ́ńbà, kó gbọ̀n lọ́nà mìíràn lórí 5, kó tún yàtọ̀ lórí àmì àròpọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, kí bọ́tìnnì tó ń pa gbogbo ìṣirò rẹ́ sì jẹ́ èyí tí kò ní ṣeé ṣì mú rárá.

createWaveform ti VibrationEffect, àṣẹ Android tó ń mú fóònù gbọ̀n, ni mo lò. Ogún mìlísẹ́kọ́ǹdù ni mo fún gbogbo wọn, agbára ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀: 60 fún nọ́ńbà, 120 fún 5, 180 fún àmì ìṣirò, 255 fún ìparẹ́. Lórí fóònù tèmi, mo lè dijú kí n sì sọ èyí tí ìka mi wà lórí rẹ̀. Lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi, gìrì kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ìgbà mìíràn sì wà tí kò ní gbọ̀n rárá.

Kí ló fà á? Ìkejì rẹ̀, báwo ni mo ṣe lè fi yíyàn náà sọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀? Ìka rẹ̀ ti le nídìí iṣẹ́. Ohun tó tó fún èmi kò tó o, ohun tó sì tó o lè máa da ẹlòmíràn láàmú. N kò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá máa pinnu ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ́.

---

Bàbá Wáyà

Ọmọ mi, kóòdù rẹ kò lábùkù. Ohun tó wà nínú fóònù méjèèjì ni kò dọ́gba.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wọ́pọ̀ tó ń mú fóònù gbọ̀n. Èkíní ni ERM. Mọ́tò bíńtín kan ni, ó ń yí, wọ́n sì fi irin kan sórí ọ̀pá rẹ̀ tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó ṣe ń yí ni irin yẹn ń fa gbogbo fóònù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbéra, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dúró. Ogún mìlísẹ́kọ́ǹdù tí o fún un, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí dáadáa, àkókò ti tán. Ìyẹn ló fà á tí ẹ̀gbọ́n rẹ kì í fi í gbọ́ nǹkan kan nígbà mìíràn. Bákan náà, agbára rẹ̀ àti ìyára rẹ̀ kò ṣeé yà nípá: bí o bá ní kó rọra gbọ̀n, á kúkú máa fà ni, ó tiẹ̀ lè má gbéra.

Èkejì ni LRA. Ìyẹn kì í yí. Irin kan jókòó lórí sípíríǹgì, òòfà àti wáyà tí iná ń gbà kọjá sì ń tì í lọ tì í bọ̀. Sípíríǹgì náà ní ìwọ̀n kan tó fẹ́ràn láti máa gbọ̀n. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú fóònù máa ń wà láàárín ìgbà 150 sí 235 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbẹ̀, iná díẹ̀ ló ń jẹ, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n kíkankíkan. Ó tètè ń gbéra, ó tètè ń dúró, o sì lè dín agbára rẹ̀ kù láìjẹ́ pé ìyára rẹ̀ yí padà. Ara wa náà ràn án lọ́wọ́: àwọn iṣan ìmọ̀lára kan wà nísàlẹ̀ awọ ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní Pacinian, tó jẹ́ pé gbígbọ̀n tó wà ní nǹkan bí 200 sí 300 ní ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n tètè ń gbọ́ jù. LRA súnmọ́ ibẹ̀ dáadáa. Ó dá mi lójú pé òun ló wà nínú fóònù tìrẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí kóòdù. Android 8.0, lọ́dún 2017, ló mú VibrationEffect wá, pẹ̀lú agbára láti 1 dé 255. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo fóònù ló lè ṣe é. Bi fóònù léèrè pẹ̀lú hasAmplitudeControl. Bó bá dá ọ lóhùn pé rárá, a jẹ́ pé 60 o, 255 o, "gbọ̀n" lásán ni fóònù gbọ́. Ìwọ náà wá wò ó: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ogún mìlísẹ́kọ́ǹdù, agbára nìkan ló yàtọ̀, fóònù náà kò sì mọ agbára. Ohun kan náà lo sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹrin.

Má fi agbára yà wọ́n. Àkókò àti ìdákẹ́ ni kí o fi yà wọ́n. Bí èèyàn bá ń kan ilẹ̀kùn, a kì í rí i, ṣùgbọ́n a mọ ẹni tí í ṣe látinú bó ṣe ń kàn án, ì báà kàn án jẹ́jẹ́ tàbí kó kàn án gbàgbàgbà. Bẹ̀rẹ̀ láti ibí, mìlísẹ́kọ́ǹdù ni gbogbo rẹ̀: nọ́ńbà, 40 lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà 5, 40, kó dákẹ́ fún 60, kó tún gbọ̀n fún 40. Àmì ìṣirò, 90 lẹ́ẹ̀kan. Ìparẹ́, 150, ìdákẹ́ 80, 150. Rántí pé bó bá jẹ́ àkókò nìkan lo kọ, nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú ìlà náà jẹ́ ti ìdákẹ́, nítorí náà fi 0 síwájú. Fi -1 síbi tí kóòdù ti ń béèrè bóyá kó tún un gbọ̀n (repeat), àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á máa gbọ̀n lọ ni.

Bí fóònù bá wá mọ agbára, fi agbára kún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́. Kó má jẹ́ òun ni ìpìlẹ̀.

---

Fọwọ́mọ̀

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Èmi náà kò ríran, TalkBack ló ń ka ojú ìwé yìí fún mi, nítorí náà mo fẹ́ sọ̀rọ̀ láti apá ibi tí ìka wà.

Àbúrò, jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà tó kù dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó wù ọ́ kí gbogbo bọ́tìnnì sọ nǹkan, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń gbọ̀n, láìpẹ́ ọwọ́ á kú tipiri, 5 á sì sọ nù sáàárín wọn. Àmì tó wà lórí fóònù oníbọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́ nítorí pé mẹ́sàn-án yòókù kò ní àmì. Fún èmi, 5 àti etí pátákó nọ́ńbà náà ti tó: kí fóònù sọ fún mi bí ìka mi bá ti jáde síta.

Ohun kejì, TalkBack fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìka bá ṣe ń bọ́ látorí nǹkan kan sórí òmíràn. Bí tìrẹ bá dé lásìkò kan náà, wọ́n á dà pọ̀, kò sì ní sí èyí tí ẹ̀gbọ́n yín máa rí dì mú. Ó lè lọ sínú Settings TalkBack, níbi ohùn àti gbígbọ̀n, kó pa tibẹ̀. Sọ fún un, kó má jẹ́ ìwọ lo máa lọ pa á lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù. Fífi ìka wá nǹkan kiri yàtọ̀ sí títẹ̀ ẹ́. Ìka wa ń rìn lójú fóònù títí á fi débi tó ń lọ, lẹ́yìn náà la ó wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí bọ́tìnnì ìparẹ́ bá gbọ̀n nígbà tí mo kàn ń kọjá lórí rẹ̀, tó tún gbọ̀n bákan náà nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ mi ṣì wà? Gbígbọ̀n ìkọjá gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ti ìtẹ̀ ni kó ní ìró tirẹ̀.

Kí o sì dán an wò nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́, nígbà tó wà lórí tábìlì, àti nígbà tó wà nínú àpò rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ fún un. Fóònù tó ń gbọ̀n geere lọ́wọ́ mi, bí mo bá gbé e sórí aṣọ, kò ju kí n fura sí i lọ.

---

Adélẹ́tà

Sí ìbéèrè yín kejì: ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lu ohun tí wọ́n fẹ́.

Lórí iPhone, láti iOS 5 lọ́dún 2011 ni oní-fóònù ti lè fi ìka lu gbígbọ̀n tirẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń pè é. Èèyàn á lu ojú fóònù bó ṣe wù ú, fóònù á gbà á sílẹ̀, bó ṣe lù ú ni yóò máa gbọ̀n. Èyí kò le láti kọ. Ẹ gba àsìkò tí ìka balẹ̀ àti àsìkò tó gbéra, àárín wọn ni gbígbọ̀n, èyí tó tẹ̀ lé e ni ìdákẹ́. Ìlà nọ́ńbà tí createWaveform fẹ́ náà nìyẹn. Kí ẹ kàn bá wọn tún un ṣe díẹ̀: lílù tó bá kéré ju 40 lọ, ẹ sọ ọ́ di 40, kí fóònù olóríṣi ERM lè rí i gbé.

Bí ẹ bá máa gbé áàpù náà dé iPhone, Core Haptics, ohun èlò gbígbọ̀n ti Apple, lẹ máa lò, ó dé pẹ̀lú iOS 13 lọ́dún 2019. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ agbára ti dùn. Yàtọ̀ sí agbára, ẹ tún lè yan mímú: bí gbígbọ̀n náà ṣe mú gán-án tàbí tó rí rúbúrúbú, láti 0 dé 1. Ìró kan náà, lágbára kan náà, á yàtọ̀ lọ́wọ́ pátápátá bí ẹ bá yí mímú rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ti tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ iPhone 7 ti ọdún 2016 rí mọ ohun tí mò ń sọ: bọ́tìnnì yẹn kì í wọlé rárá, gbígbọ̀n ló ń mú kí ìka gbà pé ó wọlé.

Àmọ́ ẹ má gbé e gba orí wẹ́ẹ̀bù. navigator.vibrate kò mọ̀ ju àkókò lọ, Safari orí iPhone kò sì gbà á rárá.

---

Fọwọ́mọ̀

Adélẹ́tà, ìmọ̀ràn yín dára, ṣùgbọ́n bí TalkBack bá wà ní títàn, òun ló máa gba ìka lójú fóònù kó tó dé ọ̀dọ̀ áàpù. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ìṣirò máa lù ú títí, áàpù kò ní gbọ́. Kí wọ́n lo bọ́tìnnì ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ó ń wọlé, ó ń jáde, ọwọ́ sì mọ ibi tó wà.

---

Ọmọ Ìṣirò

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Wáyà, ẹ ṣé, ẹ̀yin tó kù. Mo bi fóònù ẹ̀gbọ́n mi léèrè, òótọ́ ni, kò mọ agbára. Mo ti yí gbogbo rẹ̀ sí àkókò àti ìdákẹ́, mo sì pa àwọn nọ́ńbà mẹ́sàn-án lẹ́nu mọ́. Ní báyìí, ìka rẹ̀ ń lọ sórí 5 tààrà, látibẹ̀ ló ti ń mú ọ̀nà pọ̀n.

Bọ́tìnnì ohùn ló fi lu ti ìparẹ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé 150 tí Bàbá dámọ̀ràn yóò jọ ìpè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bó bá gbọ̀n pẹ́ báyẹn, ọkàn òun á lọ sórí pé ẹnì kan ń pè. Kéékèèké mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn kíákíá ló lù. Èmi ìbá má ronú kàn án láéláé, inú mi sì dùn pé kì í ṣe èmi ló yàn án.

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí bátìrì rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó tan ìdábòbò bátìrì (Battery Saver), gbogbo gbígbọ̀n kú pátá. Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè gbà fi tipá mú un?

---

Bàbá Wáyà

Má fi tipá mú un. Ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń pa gbígbọ̀n bí wọ́n bá wà nínú ìdábòbò bátìrì, oní-fóònù ló sì tan ìyẹn. Bákan náà ni ẹni tó bá pa gbígbọ̀n ìfọwọ́kàn nínú Settings ní ìdí rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android tuntun, oní-fóònù lè fa agbára ìpè, ìkìlọ̀ àti ìfọwọ́kàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fi USAGE_TOUCH, àmì tó ń sọ pé gbígbọ̀n ìfọwọ́kàn ni, sára gbígbọ̀n rẹ, kó máa tẹ̀ lé èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá fà. Fún àwọn nǹkan kéékèèké inú áàpù, performHapticFeedback, àṣẹ gbígbọ̀n kékeré tó ti wà nínú Android, ti tó: kò gba àṣẹ kankan lọ́wọ́ oní-fóònù, ó sì ní CONFIRM (ó ti ṣe) àti REJECT (kò ṣeé ṣe) láti Android 11.

Ohun tó kàn ọ́ ni kí iṣẹ́ rẹ̀ má sọ nù nígbà tí gbígbọ̀n bá kú. Jẹ́ kí TalkBack máa kéde ìparẹ́, kí o sì fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tó lè dá ìṣirò tó pa rẹ́ padà. Fi bọ́tìnnì yẹn sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ìka ti lè kan etí fóònù kó tó dé orí rẹ̀.