Orúkọ kákítọ́ọ̀sì kékeré inú pápá: kí ló dé tí kò fi yẹ kí a pè é ní ọrọ́

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe kákítọ́ọ̀sì kékeré tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Coryphantha vivipara ní "ọrọ́ ọ̀dàn", nítorí pé ọrọ́ ni ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí ara rẹ̀ nípọn tí a mọ̀ nílé. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa tí ó dá àbá náà, n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí pé ọrọ́ ti ní ohun tí ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Ẹni tí ó bá ti ṣá ọrọ́ rí mọ̀ pé oje funfun ni yóò kọ́kọ́ tú jáde, oje tí ń ta ara, tí ó sì lè ba ojú jẹ́. Ìbátan ẹ̀gẹ́ àti igi rọ́bà ni. Kákítọ́ọ̀sì tí à ń sọ yìí kò ní irú oje bẹ́ẹ̀. Orí àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ó yí ara rẹ̀ ká ni ẹ̀gún rẹ̀ ti ń yọ ní ìdì-ìdì bí ìràwọ̀, èso rẹ̀ sì ṣeé jẹ. Bí a bá fi orúkọ ọrọ́ pè é, a ó ṣi àwọn ọmọ tí yóò fi èdè wa kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́nà.

"Ọ̀dàn" pàápàá ń kọ mí lóminú, nítorí pé ilẹ̀ koríko tí igi wà káàkiri inú rẹ̀ ni ó ń mú wá sí wa lọ́kàn. Ewéko yìí ń hù láti Alberta, Saskatchewan àti Manitoba ní Kánádà títí dé Texas àti àríwá Mẹ́síkò, púpọ̀ nínú ibẹ̀ sì jẹ́ koríko gbalasa tí yìnyín ń bò nígbà òtútù. Bí ọ̀dá tàbí òtútù bá dé, á súnkì títí orí rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba, tí ènìyàn fi lè tẹ̀ ẹ́ kọjá láìmọ̀, àfi ìgbà tí ó bá yọ òdòdó aláwọ̀ osùn rẹ̀. Pápá ni kí a máa pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Thomas Nuttall, tí ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1813, pè é ní Cactus viviparus, ìyẹn èyí tí ń bí ọmọ láàyè. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ṣe ń ṣe: ìyá á dúró, ọmọ á máa ta yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi di agbo. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, nítorí náà "kákítọ́ọ̀sì ọlọ́mọyọyọ" ni àbá tèmi.

Àwọn kan yóò ní kí a yé yá ọ̀rọ̀ lò, kí a pe gbogbo ìdílé kákítọ́ọ̀sì ní "ẹlẹ́gùn-ún". Ṣùgbọ́n Rhipsalis baccifera, ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìdílé náà tí ó ń hù ní Áfíríkà láìjẹ́ pé ènìyàn ni ó mú un débẹ̀, orí igi ni ó ń so rọ̀ sí, bí ó bá sì dàgbà tán, kì í ní ẹ̀gún.