Nígbà tí bàlúù ogun bá gbéra láti pápá ọ̀rẹ́: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́

Tíṣà Ogbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò ẹ̀kọ́ ìjọba fẹ́ mọ ìdí tí àárín ọ̀rẹ́ méjì fi ń dàrú bí ọ̀kan bá lo ibùdó ológun tó wà nílẹ̀ èkejì láti kọlu ẹni kẹta. Ẹni tó bá mọ ìrírí orílẹ̀-èdè kan dójú àmì, kó jọ̀ọ́ gbé e kalẹ̀ fún wa: ta ló tọrọ àyè, ta ló fọwọ́ sí i, kí ló bàjẹ́.

Ọmọ Àkẹ̀sán

Tíṣà, ti Líbíà ní 1986 ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Bọ́ǹbù dún ní ilé ijó kan ní West Berlin ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, Amẹ́ríkà sì ní Líbíà ló wà nídìí rẹ̀. Bàlúù F-111 tí wọ́n fẹ́ fi gbẹ̀san wà ní Lakenheath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1952 ni ìjọba méjèèjì ti kéde pé bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé, àwọn ni yóò jọ pinnu lílo àwọn ibùdó yẹn. Nítorí náà Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà, kò lè dá pàṣẹ. Ó ránṣẹ́ sí Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Thatcher sì gbà, ṣùgbọ́n ó so ó mọ́ ìdáàbòbò ara ẹni: ibi tó bá hàn gbangba pé iṣẹ́ apániláyà ń lọ níbẹ̀ nìkan ni kí wọ́n kọlù.

Faransé àti Sípéènì ní kí bàlúù kankan má gba orí ilẹ̀ àwọn. Ìyẹn ló sọ ìrìn náà di nǹkan bíi wákàtí 14 lálọ lábọ̀. Orí òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n gbà, kí wọ́n tó ya wọlé ní Gibraltar, bàlúù agbépo sì ń fún wọn lépo lójú òfurufú léraléra. F-111 mẹ́rìnlélógún ló gbéra, mẹ́fà tó jẹ́ àfikún yí padà, 18 ló ń bá ọ̀nà lọ. Ọ̀kan kò padà wálé, àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ sì ṣòfò. Ilé aṣojú Faransé ní Tripoli náà fara gbá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n pa ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí wọ́n jí gbé ní Lẹ́bánónì. Ẹni tó yáni ní pápá kò ju bọ́ǹbù kankan, síbẹ̀ òkú sùn nílé rẹ̀. Ó dùn mí pé ìwé ẹ̀kọ́ kì í sábà mẹ́nu ba apá yìí.

Ìyá Ọ̀yọ́ Aláàfin

O káre, àbúrò. Ti Tọ́kì ní 2003 kọ́ wa pé ìlérí mínísítà yàtọ̀ sí ìbò. Abala 92 nínú òfin ilẹ̀ wọn ní ilé aṣòfin ló ń yọ̀ǹda kí ọmọ ogun òkèèrè wọlé. Amẹ́ríkà fẹ́ kó nǹkan bí ọmọ ogun 62,000 gba ibẹ̀ wọ àríwá Ìráàkì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta wọ́n dìbò: 264 gbà, 250 kọ̀, 19 ní àwọn ò dá sí i. Ojú lásán á ní àbá náà ti wọlé. Kò wọlé, nítorí ìdajì àwọn tó jókòó lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọjá. Àwọn 533 ló wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí 267 gbà. Ọkọ̀ ojú omi tó kó ohun ìjà ti dúró sí etí òkun Tọ́kì kí ìbò tó wáyé. Ńṣe ni wọ́n yí i gba Suez lọ sí Kùwéètì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú àwọn ọmọ ogun Tọ́kì ní Sulaymaniyah, ní àríwá Ìráàkì, wọ́n fi àpò bò wọ́n lórí. Ìbínú ìyẹn pẹ́ nílẹ̀ Tọ́kì gan-an.

Ará Tákìé

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Hamadan, ní Ìráànì, kún un, nítorí níbẹ̀ ẹnu ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Oṣù Kẹjọ 2016 ni. Bàlúù Tu-22M3 ti Rọ́ṣíà ń ti ọ̀nà jíjìn wá ju bọ́ǹbù sí Síríà. Bó bá gbéra láti Hamadan, ọ̀nà á kúrú, epo tó máa gbé á dín, bọ́ǹbù á pọ̀ sí i. Ìráànì gbà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ 16, Rọ́ṣíà kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀, abala 146 òfin Ìráànì kọ̀ kí ilẹ̀ òkèèrè kankan dá ibùdó ológun sílẹ̀ níbẹ̀, kódà kó jẹ́ nítorí àlàáfíà. Àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Mínísítà ààbò wọn, Hossein Dehghan, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní àṣehàn ni Rọ́ṣíà ń ṣe. Nígbà tó fi di ọjọ́ 22, Ìráànì ti ní lílo Hamadan parí fún ìgbà yẹn.

Nítorí náà ó yẹ kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò kéde àti ìgbà tí yóò kéde. Èmi ka èyí sí pàtàkì bí àṣẹ ìgbéra fúnra rẹ̀.

Tíṣà Ogbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú làákàyè o. Tí kò bá sí àṣẹ rárá ńkọ́? Tàbí tí bàlúù kò bá tilẹ̀ gbéra níbẹ̀?

Ọmọ Àkẹ̀sán

Kò ní kí onílẹ̀ má jìyà ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2025, láti ìpínlẹ̀ Missouri, nílé Amẹ́ríkà gan-an, ni bàlúù B-2 ti gbéra lọ kọlu Fordow àti Natanz, ibi iṣẹ́ átọ́míìkì Ìráànì. Síbẹ̀, Al Udeid, ibùdó tí Amẹ́ríkà ń lò ní Qatar, ni Ìráànì rọ̀jò ohun ìjà sí ní ọjọ́ 23.

Ní ti òfin, ìpinnu 3314 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1974, abala 3(f), sọ pé orílẹ̀-èdè tó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíì láti fi ṣe ìkọlù àìtọ́ sí ẹni kẹta ti ṣe ìkọlù náà fúnra rẹ̀. Ìdí rèé tí onílẹ̀ fi ń dọ́gbọ́n pín àṣẹ: ẹ lè kọjá lójú òfurufú, ẹ lè rọ epo, ẹ lè tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n bàlúù tó gbé bọ́ǹbù kò gbọdọ̀ gbéra níbí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàlúù agbépo tó gbéra “láìgbé bọ́ǹbù” ló ń mú kí èyí tó gbé bọ́ǹbù débi tó ń lọ. Ẹni tí wọ́n kọlù kò ní ka ìyàtọ̀ yẹn sí.

Ìyá Ọ̀yọ́ Aláàfin

Kí àwọn ọmọ náà wo ẹni tó ni ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní Akrotiri, ní erékùṣù Kípírọ́sì, Gẹ̀ẹ́sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ní 1960, kò sì ní láti tọrọ àyè kí bàlúù rẹ̀ tó lọ kọlu àwọn Houthi ní Yẹ́mẹ̀n ní oṣù Kìíní 2024. Àwọn ará erékùṣù náà jáde fẹ̀hónú hàn síbẹ̀síbẹ̀. Ní Diego Garcia, erékùṣù kan nínú òkun Íńdíà tí ibùdó ológun wà, àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Mauritius fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2025 fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 99. Ó ní kí Gẹ̀ẹ́sì tètè fi tó Mauritius létí bí ìkọlù sí orílẹ̀-èdè mìíràn bá ti ibùdó náà jáde. Kò ní kí ó kọ́kọ́ gba àyè.

Ará Tákìé

Tíṣà, ẹ má gbàgbé tiwa. Àdéhùn ààbò tí Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe lẹ́yìn òmìnira fún bàlúù ogun wọn láyè láti máa kọjá, kí wọ́n sì máa balẹ̀ níbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìbàdàn lọ fẹ̀hónú hàn ní ilé aṣòfin l'Ékòó ní oṣù Kọkànlá 1960, Awólọ́wọ̀ náà ta kò ó. Ní oṣù Kìíní 1962, ìjọba Balewa àti Gẹ̀ẹ́sì fagi lé e. Bí wọ́n bá béèrè àpẹẹrẹ ilé nínú ìdánwò, òun ni kí wọ́n kọ.