Ọmọ mi ṣì ń mu ọmú, dókítà ní kí n já a ká tó gbé ọlẹ̀ tó kù sínú

Ìyá Ìrètí, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wá ọmọ, IVF, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ sínú ilé ọmọ, la sì fi rí èyí. Ó ti pé oṣù 14 báyìí. Ọlẹ̀ méjì ló kù tí wọ́n bá wa gbé pamọ́ sínú òtútù, ọdọọdún la ń san owó ìpamọ́. Ẹni ọdún 39 ni mí. Mo padà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbólóhùn kan péré ló sọ: kí n já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò sọ ìdí, èmi náà ò sì béèrè.

Ọmọ yìí ò gba fídà. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé láti Sábó, kí n tó bọ́ bàtà ló ti ń fa bùbá mi sókè. Lálẹ́, etí mi ló máa ń dì mú tó bá ń mu ún, ìgbà tó bá sùn lọ ni ìka yẹn tó ń tú. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ewúro ra orí ọmú. Mo fi ra á. Ó tọ́ ọ wò, ó wò mí lójú, ó sì ń mu ún lọ. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè ṣe méjèèjì pọ̀?

Ìyá Ìbejì, Modákẹ́kẹ́:
Ẹ já a jàre, àbúrò. Ọjọ́ orí ò dúró de ẹnì kan.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Iléṣà:
Ìyá Ìbejì, ẹ rọra ná. Tí ọmọ bá ń fa ọmú, họ́mónù kan wà tí wọ́n ń pè ní prolactin. Òun ló ń mú omi ọmú wá, òun náà ló sì lè dá ẹyin dúró kó má jáde, ìdí nìyẹn tí abiyamọ mìíràn kì í rí nǹkan oṣù. Ìyá Ìrètí, ṣé tiyín ti padà?

Ìtọ́jú náà ò rí bákan náà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ẹyin tuntun lára rẹ̀ á gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin dàgbà. Oògùn oníhóró náà wà tó ń mú ẹyin dàgbà, bíi Clomid àti letrozole: Clomid lè dín omi ọmú kù, wọn kì í sì í fẹ́ kí abiyamọ lo letrozole. Ṣùgbọ́n ọlẹ̀ tiyín ti wà nílẹ̀. Wọ́n lè gbé e sínú lórí nǹkan oṣù tí ara fúnra rẹ̀ ṣe, láìsí oògùn púpọ̀. Ẹ béèrè orúkọ oògùn tí wọ́n fẹ́ lò. Ti ọjọ́ orí yẹn náà, ọlẹ̀ inú òtútù kì í dàgbà o: ọjọ́ orí tí ẹ wà nígbà tí wọ́n kó ẹyin ló ṣì wà.

Ṣé iṣẹ́ abẹ lẹ fi bímọ? Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kéèyàn tó tún wá oyún. Ẹ bi wọ́n ní tìyẹn náà.

Ìyá Àánú, Iléṣà:
Ẹ má já a lójijì o! Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo já tèmi, nítorí ọjọ́ ìtọ́jú ti sún mọ́lé. Lọ́jọ́ kẹta ọmú mi le bí òkúta, ibà gbé mi dè, wọn ò sì ṣe ìtọ́jú kankan fún mi lóṣù náà mọ́. Tó bá di dandan, ẹ kọ́kọ́ yọ tọ̀sán, kí ara mọ́ ọn fún bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó yọ òmíràn. Tòru ni kó kẹ́yìn. Ògì àti mọ́ínmọ́ín ni mo fi rọ́pò nígbà tí mo tún un ṣe, bàbá ẹ̀ ló sì ń pọ̀n ọ́n sùn lálẹ́. (Gbogbo àdúgbò ló fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.)

Ìyá Ìrètí:
Ẹ ṣeun gan-an. Nǹkan oṣù mi ti padà láti ìgbà tó ti pé oṣù 10, iṣẹ́ abẹ ni mo sì fi bí i. Mo ti kọ gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí sẹ́yìn káàdì ìwòsàn, ọjọ́ Túsìdé ni màá padà lọ. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ ná, ẹni tá à ń sọ ti fà mí láṣọ.